Ìtúnyànsípò Mojísọlá Adéyẹyè gẹ́gẹ́ bí Olùdarí Àgbà NAFDAC

Ìtúnyànsípò Mojísọlá Adéyẹyè gẹ́gẹ́ bí Olùdarí Àgbà NAFDAC jẹ́ ìpinnu ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tí ó fi sáà kejì fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọlá Christianah Adéyẹyè gẹ́gẹ́ bí olórí àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní orílẹ̀-èdè náà. Ààrẹ Muhammadu Buhari ni ó kọ́kọ́ yàn án ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, òun náà ni ó sì tún un yàn ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Lẹ́yìn tí ìjọba yí padà, Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú fọwọ́ sí i ní oṣù Kejì ọdún 2024 pé kí ó máa bá iṣẹ́ náà lọ ní sáà kejì, èyí tí yóò jẹ́ ìgbẹ̀yìn fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ ènìyàn kan tí ó gba ipò padà. Iṣẹ́ àjọ NAFDAC kan gbogbo ẹni tí ń ra oògùn, omi inú ọ̀rá tàbí oúnjẹ inú agolo ní Nàìjíríà, láti ọjà ńlá Idumọ̀tà ní Èkó títí dé àwọn ìlú etíkun bí Imeke ní agbègbè Àgbádárìgì. Ẹni tí ń ra oògùn kò lè fi ojú lásán mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí bí a ṣe ń yan olórí àjọ náà, bí a ṣe ń tún un yàn àti bí a ṣe ń yọ ọ́ fi jẹ́ ohun tí ó kan ẹ̀mí ènìyàn.

Àjọ náà àti òfin tí ó gbé e ró

Òfin ológun kẹẹ̀ẹ́dógún ti ọdún 1993 ni ó dá NAFDAC sílẹ̀. Wọ́n ṣe àtúnṣe sí i ní ọdún 1999, ó sì wà nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti ọdún 2004. Òfin náà fún àjọ náà ní agbára lórí oúnjẹ, oògùn, ohun ìṣaralóge, ohun èlò ìtọ́jú aláìsàn, omi tí a dì, kẹ́míkà àti ọṣẹ ìfọṣọ. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí a gbọ́dọ̀ ṣe, kó wọlé, polówó tàbí tà láìgba ìforúkọsílẹ̀. Nọ́ńbà tí àjọ náà ń fún ọjà tí ó bá yege ni àwọn ènìyàn ń pè ní nọ́ńbà NAFDAC.

Àjọ náà wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò ìlera. Ó ní ìgbìmọ̀ olùṣàkóso, ṣùgbọ́n olùdarí àgbà ni ó ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ààrẹ orílẹ̀-èdè ni ó ń yan olùdarí àgbà náà. Ọdún márùn-ún ni sáà kan, Ààrẹ sì lè tún un yàn. Nípa bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ìbẹ̀rẹ̀ àti ìtẹ̀síwájú ipò náà wà.

Ohun tí ó mú kí irú àjọ bẹ́ẹ̀ di dandan kò jìnnà sí ìrántí. Ní ọdún 1990, ọmọdé tí ó ju 100 lọ kú ní Ìbàdàn àti Jos lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn ibà olómi tí wọ́n fi diethylene glycol pò. Kẹ́míkà yìí ń ba kíndìnrín jẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ ni wọ́n sì ń lò ó, kì í ṣe ohun jíjẹ. Ní òpin ọdún 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, lẹ́yìn tí NAFDAC ti wà fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́míkà kan náà tún fara hàn nínú oògùn eyín híhù àwọn ọmọ ọwọ́ tí a ń pè ní My Pikin. Ọmọ 84 ni ìjọba kéde pé wọ́n kú. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì fi hàn pé dídá àjọ sílẹ̀ nìkan kò tó: ìṣọ́ náà gbọ́dọ̀ wà láìdáwọ́ dúró.

Àwọn olùdarí ìṣáájú

Ọ̀jọ̀gbọ́n Gabriel Osuide ni olùdarí àgbà àkọ́kọ́. Ní ọdún 2001, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ yan Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili, apoògùn tí àbúrò rẹ̀ obìnrin kú ní ọdún 1988 lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní insulin ayédèrú. Àsìkò Akunyili ni orúkọ àjọ náà di mímọ̀ ní gbogbo ilé. Wọ́n ń dáná sun oògùn ayédèrú ní gbangba, wọ́n sì ti àwọn ọjà tí wọ́n ti ń tà á. Ìjà náà kò ṣàì ní ewu: ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2003, àwọn agbébọn yìnbọn lu ọkọ̀ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Anambra, ọta ìbọn sì gba ìlàjà orí rẹ̀ kọjá. Ó wà lórí àga kọjá ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, títí Ààrẹ Umaru Musa Yar'Adua fi yàn án sí ipò mínísítà ètò ìròyìn ní ìparí ọdún 2008.

Dókítà Paul Orhii ni ó gba ipò náà ní ọdún 2009. Ní àsìkò rẹ̀ ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó jẹ́ kí ẹni tí ó ra oògùn lè ha ojú ibì kan lára páálí rẹ̀, kí ó rí nọ́ńbà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ó sì fi ránṣẹ́ lórí fóònù láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Ààrẹ Goodluck Jonathan tún Orhii yàn fún sáà kejì, ṣùgbọ́n kò parí sáà náà. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, ìjọba Buhari yọ àwọn olórí àjọ ìjọba bíi mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, Orhii sì wà lára wọn. Arábìnrin Yétúndé Òní di adelé olùdarí àgbà, a kò sì yan olùdarí àgbà gan-an títí di oṣù Kọkànlá ọdún 2017. Èyí túmọ̀ sí pé àjọ náà wà lábẹ́ adelé fún ohun tí ó ju ọdún kan àbọ̀ lọ.

Sáà àkọ́kọ́, 2017 sí 2022

Apoògùn àti olùwádìí ni Adéyẹyè. Ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ìpoògùn ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Georgia ní Amẹ́ríkà. Ó kọ́ni fún ọdún mọ́kànlélógún ní Yunifásítì Duquesne ní ìlú Pittsburgh, kí ó tó lọ dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tuntun sílẹ̀ ní Yunifásítì Roosevelt ní ìpínlẹ̀ Illinois. Lára ìwádìí rẹ̀ ni bí a ṣe lè po oògùn àrùn HIV tí yóò rọrùn fún àwọn ọmọdé láti lò.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, àwọn òṣìṣẹ́ NAFDAC padà sí èbúté ọkọ̀ ojú omi àti àwọn ẹnubodè, lẹ́yìn tí ìjọba ti lé wọn kúrò níbẹ̀ láti ọdún 2011. Ní oṣù kan náà ni ilé iṣẹ́ ètò ìlera fi òfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ olómi tí ó ní codeine wọlé, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ti sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń pa ara wọn lọ́tí. NAFDAC ni ó bọ́ sí láti rí i pé àwọn ilé iṣẹ́ pa àṣẹ náà mọ́.

Àṣeyọrí tí wọ́n tọ́ka sí jù lọ nínú sáà yìí dé ní oṣù Kẹta ọdún 2022. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ètò ìṣàkóso oògùn Nàìjíríà ti dé ìpele kẹta nínú ìpele mẹ́rin tí ó fi ń díwọ̀n irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀. Ìpele kẹta túmọ̀ sí pé ètò náà dúró ṣinṣin, ó ń ṣiṣẹ́ dáradára, ó sì so pọ̀ mọ́ra. Tanzania àti Ghana ti dé ìpele náà ṣáájú, Egypt sì gba tirẹ̀ nínú ìkéde kan náà pẹ̀lú Nàìjíríà. Àwọn ayẹ̀wòwò Àjọ Ìlera Àgbáyé kì í wo olórí nìkan. Wọ́n ń yẹ ìwé wò, wọ́n ń wo yàrá àyẹ̀wò, ìforúkọsílẹ̀, ìṣọ́ ọjà àti bí a ṣe ń gba ìròyìn ìpalára oògùn sílẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gba ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì lè tún un yẹ̀ wò nígbàkígbà láti mọ̀ bóyá ó ṣì dúró.

Àlàfo ọdún 2022 àti ìtúnyànsípò

Nígbà tí sáà àkọ́kọ́ parí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìwé ìtúnyànsípò kò tíì jáde. Adéyẹyè fi iṣẹ́ lé Dókítà Monica Eimunjeze lọ́wọ́, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olùdarí ẹ̀ka nínú àjọ náà, òun sì di adelé. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìjọba kéde pé Buhari ti tún Adéyẹyè yàn fún ọdún márùn-ún mìíràn, ó sì padà sí ipò rẹ̀ ní oṣù Kejìlá.

Àlàfo náà kúrú, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí ti ọdún 2016. Ṣùgbọ́n ó fi ibi tí ètò náà ti ṣe aláìlágbára hàn. Ọjọ́ tí sáà yóò parí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni láti ọdún márùn-ún ṣáájú, síbẹ̀ ìpinnu dé lẹ́yìn tí ọjọ́ náà ti kọjá.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba tuntun gorí oyè. Ní Nàìjíríà, ó wọ́pọ̀ kí Ààrẹ tuntun pa àwọn olórí àjọ dà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí Orhii. Nítorí náà, ìkéde oṣù Kejì ọdún 2024 ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Nínú ìkéde kan náà, Tinúbú yan Dókítà Jídé Ìdrís, tí ó ti ṣe kọmíṣọ́nà ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ Èkó rí, gẹ́gẹ́ bí olórí àjọ tí ń dènà àjàkálẹ̀ àrùn. Ó fi tuntun sí àjọ kan, ó sì jẹ́ kí ti àtijọ́ dúró ní èkejì.

Sáà kejì

Ọ̀rọ̀ ọtí inú ọ̀rá ni ó kọ́kọ́ dán sáà kejì wò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ilé iṣẹ́ ètò ìlera, NAFDAC àti ẹgbẹ́ àwọn apọntí fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé wọn yóò dín ọtí inú ọ̀rá àti inú ìgò kékeré kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán. Ìdí rẹ̀ ni pé owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á, ó rọrùn láti fi pamọ́, ó sì ń dé ọwọ́ àwọn ọmọdé àti àwọn awakọ̀. Nítorí pé Adéyẹyè wà nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn náà, òun náà ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí gbèdéke pé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún 2024, NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin náà múlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ọtí ṣe ìwọ́de, wọ́n ní iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn aṣòfin dá sí i, wọ́n sì sún gbèdéke náà síwájú di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2025.

Ní oṣù Kejì ọdún 2025, àjọ náà àti àwọn agbófinró ya bo àwọn ọjà oògùn gbangba mẹ́ta tí ó tóbi jù lọ: Idumọ̀tà ní Èkó, ọjà oògùn Onitsha àti ti Aba. Wọ́n ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì kó oògùn ayédèrú, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá àti èyí tí a kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, Adéyẹyè sọ ní gbangba pé ó yẹ kí òfin máa pa ẹni tí oògùn ayédèrú rẹ̀ bá pa ọmọdé. Òfin tí ó wà nílẹ̀ lórí oògùn ayédèrú sọ pé owó ìtanràn tí kò ju 500,000 náírà lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí 15, tàbí méjèèjì, ni ìjìyà. Àwọn tí ń fẹ́ àtúnṣe ní owó náà kéré jọjọ sí èrè tí oníṣòwò kan lè jẹ lórí àpótí kan. Àwọn mìíràn ní kì í ṣe bí ìjìyà ṣe tóbi tó ni ó ń dẹ́rù ba ọ̀daràn, bí kò ṣe ìdánilójú pé ọwọ́ yóò tẹ̀ ẹ́.

Àríyànjiyàn lórí ìtúnyànsípò

Àwọn tí ó fara mọ́ ọn kí a máa tún olórí àjọ bí NAFDAC yàn sọ pé iṣẹ́ ìṣàkóso oògùn kì í so èso kíákíá. Àdéhùn lórí ọtí inú ọ̀rá gba ọdún márùn-ún kí gbèdéke rẹ̀ tó pé. Ìpele kẹta ti Àjọ Ìlera Àgbáyé gba ọdún mẹ́rin gbáko nínú sáà kan. Olórí tí ó bá mọ̀ pé òun kò ní í sí níbẹ̀ lè má bẹ̀rẹ̀ ohun tí ó gùn, àwọn oníṣòwò tí òfin ń dùn sì lè fi sùúrù dúró de ẹni tí yóò gbapò.

Àwọn tí ó ń kọminú sọ pé ẹni tí ń retí kí a tún òun yàn lè máa wo ojú ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé náà. Bí ọdún tí sáà rẹ̀ yóò parí bá ti sún mọ́, ó lè ṣòro fún un láti ti ilé iṣẹ́ ẹni tí ó súnmọ́ ìjọba pa. Ní ojú wọn, sáà kan tí ó gùn, tí kò sì ṣeé tún ṣe, ni ó máa ń fún olórí ní ìgboyà jù lọ.

Àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kan: àlàfo kò dára. Adelé lè máa fọwọ́ sí ìwé, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣòro fún un láti dáwọ́ lé ohun tí yóò bí àwọn alágbára nínú. Òwe Yorùbá sọ pé bí ológbò ò bá sí nílé, ilé á di ilé èkúté.

Àgbádárìgì, Imeke àti ẹnubodè

Imeke wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àgbádárìgì, ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Èkó. Agbègbè àwọn Ègùn àti Àwórì ni, níbi tí ẹja pípa, àgbọn àti ẹ̀gẹ́ ti jẹ́ orísun oúnjẹ òòjọ́. Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó wá gba agbègbè náà kọjá lọ sí ẹnubodè Seme, láti ibẹ̀ sì ni ọ̀nà ti lọ sí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu ní Olómìnira Benin. Ọjà tí ó gba ọ̀nà yìí wọlé kì í dúró ní ẹnubodè, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sà àti àwọn ọ̀nà ẹ̀bùrú wà fún ẹni tí kò fẹ́ kí àṣọ́bodè rí òun.

Ìtàn oògùn ayédèrú ní ìhà kejì ẹnubodè náà ṣe pàtàkì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Adjégounlè ní Kútọnu jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọjà tí a mọ̀ jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún títa oògùn lórí àtẹ. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, ìjọba Benin ya bò ó, ó sì tì í. Oògùn tí wọ́n bá lé kúrò ní ìlú kan máa ń wá ìlú mìíràn, nítorí náà agbára àjọ tí ó wà ní Àbújá ni ó ń pinnu ohun tí yóò dé orí àtẹ kẹ́míìsì ní etíkun.

Ó tún kan àwọn tí ń ṣe ọjà. Obìnrin tí ń fún òróró àgbọn tàbí tí ń di gàárì sínú ọ̀rá ní agbègbè Àgbádárìgì kò lè tà á fún ilé ìtajà ńlá láìní nọ́ńbà NAFDAC. Ìlànà tí ó bá ń yí padà pẹ̀lú olórí kọ̀ọ̀kan lè sọ owó àti àkókò rẹ̀ dòfo. Èyí tí ó bá dúró déédéé yóò jẹ́ kí ó mọ ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

NAFDAC kọ́ ni ó ń ṣọ́ gbogbo ohun tí ó jẹ mọ́ ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn ìjọba àti ti àdáni ní ìpínlẹ̀ Èkó wà lábẹ́ HEFAMAA, àjọ tí òfin àtúnṣe ètò ìlera ìpínlẹ̀ náà ti ọdún 2006 dá sílẹ̀. Àwọn apoògùn àti àwọn tí ń ta oògùn ní kẹ́míìsì kéékèèké wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ àwọn apoògùn ti ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà, aláìsàn kan ní Imeke wà lábẹ́ ìṣọ́ àjọ mẹ́ta: ọ̀kan fún ibi tí ó ti gba ìtọ́jú, ọ̀kan fún ẹni tí ó ta oògùn fún un, ọ̀kan fún oògùn náà fúnra rẹ̀.

Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn

Ọ̀nà tí a ń gbà yan irú olórí bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ ni ó ń yan olórí FDA, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò ní iye ọdún kan pàtó: ó lè lọ nígbà tí Ààrẹ bá fẹ́. Ní England, Care Quality Commission, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2009, ni ó ń ṣọ́ ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Níbẹ̀, mínísítà ni ó ń yan alága ìgbìmọ̀ àjọ náà, ìgbìmọ̀ sì ni ó ń gba ọ̀gá àgbà sí iṣẹ́. Ní Ghana, Delese Mimi Darko darí àjọ oúnjẹ àti oògùn ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láti 2017. Ní ọdún 2025, òun ni wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí olùdarí àgbà àkọ́kọ́ fún àjọ tí ń ṣàkóso oògùn fún gbogbo Áfíríkà.

Nàìjíríà wà láàárín àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Ó fún olórí NAFDAC ní iye ọdún tí a mọ̀, ṣùgbọ́n ó fi yíyàn, àtúnyàn àti yíyọ sí ọwọ́ Ààrẹ. Láàárín àwọn olùdarí àgbà tí wọ́n tún yàn, Orhii kò parí sáà kejì rẹ̀, Akunyili sì kúrò láti lọ ṣe mínísítà. Adéyẹyè ni ó la ìyípadà ìjọba kọjá nínú sáà kejì rẹ̀ tí ìjọba tuntun sì tún fọwọ́ sí i.